Ẹ Fọ́ Ọ, Ẹ Má Lọ̀ Ọ́ Kúnná: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Àgbàdo fún Màlúù Tí A Ń Bọ́ Tà

Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ ẹran láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí adìẹ ni wọ́n ṣe rà á. Ìpínlẹ̀ adìẹ ni ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ẹ̀rọ náà sì mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Ẹ gbé àpò àgbàdo kan wọlé, kò ní pẹ́ tí yóò fi di ìyẹ̀fun. Ẹ wá gbé ìyẹ̀fun yẹn síwájú akọ màlúù, owó ara yín lẹ fi ra àìsàn fún un. Màlúù kì í ṣe adìẹ tó tóbi.

Ẹni tó fẹ́ so akọ màlúù méjì tàbí mẹ́ta mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí 90 ọjọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó fẹ́ tà wọ́n fún Iléyá, fún àwọn tó ń gbàlejò Ojúde Ọba, tàbí fún ìnáwó lásán, èyí tí kì í tán lọ́dọ̀ tiwa ní Ìjẹ̀bú. Láti 2021 ni òfin ìpínlẹ̀ ti ka dída màlúù kiri gbangba léèwọ̀, nítorí náà ẹran orí ìso lọ̀rọ̀ kàn. Ẹran orí ìso kò lè wá ohun tó wù ú lọ. Ohun tí ẹ bá gbé fún un náà ló máa jẹ.

Ibi tí àgbàdo ń lọ

Ikùn màlúù pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Èyí tó tóbi jù nínú wọn la mọ̀ sí ṣàkì lọ́dọ̀ alápatà. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló kún inú rẹ̀, àwọn ló sì ń bá màlúù da oúnjẹ. Wọ́n ń jẹ sítáàṣì inú àgbàdo, wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì, ara màlúù á gba ásíìdì yẹn, á fi ṣe agbára, á fi ṣe ẹran, á fi ṣe ọ̀rá.

Hóró tó wọlé lódindi ní èèpo líle lára. Tí màlúù kò bá rún un lẹ́nu, àwọn kòkòrò yẹn kò rọ́nà wọ inú rẹ̀, yóò sì bá ìgbẹ́ jáde bó ṣe wọlé. Àwọn adìẹ àgbàlá á jẹ àjẹyó nídìí rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì sanwó. Ìyẹ̀fun ní tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sí wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ásíìdì á wá pọ̀ lójijì ju èyí tí ara lè gbà lọ. Nígbà tí ara ẹran bá dá, pH inú ṣàkì, ìyẹn òṣùwọ̀n ásíìdì tó jẹ́ pé bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó, máa ń wà láàárín 6 sí 7. Tó bá já wálẹ̀ ju 5.5 lọ, ẹran á kọ oúnjẹ, á máa ya ìgbẹ́ olómi, nígbà mìíràn ikùn á wú, tó bá burú, ó lè kú. Gbogbo iṣẹ́ tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, torí pé kí hóró má wọlé lódindi, kó má sì wọlé ní ìyẹ̀fun ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ra èyí tó gbẹ, tàbí kí ẹ gbẹ ẹ́ fúnra yín

Ẹ̀ẹ̀mejì là ń kórè àgbàdo lọ́dún níhìn-ín. Ti àkọ́rọ̀ máa ń gbó ní oṣù Keje sí Ìkẹjọ, nígbà tí òjò kò tíì fi wá sílẹ̀. Ti àrọ̀kúrò máa ń wọlé ní oṣù Kọkànlá sí Ìkejìlá, tí ọyẹ́ á bá wa gbẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 wá ṣáájú ti èṣí nínú kàlẹ́ńdà. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí, ó ti wá ń wọ inú oṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá ka 90 ọjọ́ sẹ́yìn á bá ara rẹ̀ nínú oṣù Kejì. Èyí ni mo fi ń sọ pé àgbàdo àrọ̀kúrò ni kí ẹ rà fún Iléyá, ní Kejìlá, kí ẹ gbẹ ẹ́ nínú ọyẹ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó gbẹ rèé, láìra ẹ̀rọ kankan. Ẹ wá ìgò onígíláàsì tó gbẹ. Ẹ yan iyọ̀ díẹ̀ nínú agolo lórí iná kó lè gbẹ pátápátá, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ da àgbàdo sínú ìgò náà dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ bu iyọ̀ bí ṣíbí ìmúkọ méjì sí i, ẹ dé e, kí ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo yẹn ju 15 lọ nínú 100. Kò tíì yẹ kó wọ àpò. Tí iyọ̀ bá ń yọ̀ ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀, kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, ẹ tún sá a fún ọjọ́ kan sí i, torí 13 la fẹ́ fún èyí tó máa pẹ́ nílẹ̀. Orí tapólì ni kí ẹ ti sá a. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe etí títì, níbi tí òkúta àti ọ́ìlì mọ́tò á ti bá a wọ àpò.

Àgbàdo tó bá ti bu, tí àwọ̀ ewé tàbí dúdú ti hù lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́ dànù. Nínú irú rẹ̀ ni májèlé aflatoxin máa ń wà, lílọ̀ kò pa á, sísè kò pa á. Lóòótọ́, màlúù ń fara dà á ju adìẹ lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba 300 ppb (ìdá 300 nínú bílíọ̀nù kan) láàyè nínú àgbàdo màlúù tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa, nígbà tó jẹ́ 20 péré ni fún màlúù tó ń fún wàrà. Àmọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn tiwọn. Ojú àti imú la ní. Ẹni tó bá ń gbin àgbàdo fúnra rẹ̀ lè béèrè Aflasafe, ohun tó ń dènà májèlé yìí, èyí tí àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣe. Oko la ti ń fọ́n ọn ká kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe oògùn inú àpò.

Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ju oṣù kan lọ, àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ló dára jù. Afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ inú rẹ̀, kòkòrò á kú síbẹ̀ láìsí oògùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fẹ́ ẹ, ẹ yọ irin

Èyí kò gba àkókò. Ẹ fẹ́ eruku àti ìyàngbò kúrò. Ẹ wá gbé òkúta màgnẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ẹ lè yọ lára sípíkà tó bàjẹ́, gba inú rẹ̀ kọjá. Ìṣó tàbí wáyà kékeré tí màlúù bá gbé mì kì í jáde. Ó lè lu ikùn lápá iwájú, kó sì gún ọkàn. Màlúù kì í fara balẹ̀ ṣa oúnjẹ bí ewúrẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fífọ́

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí a ń wá ni kí hóró àgbàdo kan fọ́ sí bí ọ̀nà mẹ́rin sí mẹ́fà. Tó bá ti rí bíi gàrí Ìjẹ̀bú, ó ti kúnná jù. Gàrí yẹn dùn lẹ́nu wa, kò dùn nínú ṣàkì.

Tó bá jẹ́ hámà mílì lẹ gbé e lọ, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi irin lu hóró títí yóò fi gba ihò asẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ asẹ́ ni. Asẹ́ tó wà nínú èyí tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ adìẹ sábà máa ń ní ihò mílímítà 3 tàbí 4. Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tó ní ihò 8 sí 10 sí i. Ọ̀gá ẹ̀rọ á kùn, torí yíyọ asẹ́ kan wọ òmíràn máa ń dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, àpò méjì tí ẹ gbé wá kò sì tó nǹkan lójú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ọgbọ́n méjì ló wà níbẹ̀: ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó ti ẹ̀rọ, tàbí kí ẹ̀yin àti àwọn tó ń bọ́ màlúù ládùúgbò kó àgbàdo yín pọ̀ kó lè tó ohun tí yóò torí rẹ̀ pààrọ̀ asẹ́. Tí kò bá ní asẹ́ oníhò ńlá rárá, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ má gbà kó sọ fún yín pé bákan náà ni.

Ẹ̀rọ ìlọgì alápá òkúta tàbí aláwo náà lè ṣe é, bí wọ́n bá tú awo rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó má baà gbá ara mọ́ra. Fún ẹran méjì, mo fẹ́ràn èyí ju hámà mílì lọ, torí pé fífọ́ ló ń fọ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í pọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ onírólà, tó ń tẹ hóró fọ́ láàárín irin méjì, ti rí èyí tó dára jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kò wọ́pọ̀ lágbègbè wa.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bu ìkúnwọ́ mélòó kan sínú asẹ́ èlùbọ́, ẹ sẹ́ ẹ. Lójú tèmi, tí èyí tó jò lọ ní ìyẹ̀fun bá ti ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, iṣẹ́ náà kò dára. Ẹ sì wo èyí tó kù lókè asẹ́: tí odindi hóró bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó tún ti le jù.

Ẹni tó bá gbin àgbàdo tirẹ̀ lè lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ṣùkù. Nínú àgbàdo gbígbẹ tí a kò tíì gé hóró rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni ṣùkù. Kò lóúnjẹ púpọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ó máa ń dín eré tí sítáàṣì fi ń di ásíìdì kù, ó sì ń fún ẹran ní ohun tí yóò máa jẹ ní àjẹtúnjẹ. Olùbẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà kò ní kábàámọ̀ bó bá fi èyí bẹ̀rẹ̀.

Ọkà bàbà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Tí kò bá wọ́n tó àgbàdo lọ́dọ̀ àwọn ará Sábó, kò burú kí ẹ rà á, àmọ́ hóró rẹ̀ kéré, ó le, sítáàṣì inú rẹ̀ sì há sínú ohun tí kì í tètè yọ́. Èyí tí kò bá fọ́ á kàn gba inú ẹran kọjá ni. Òun ni mo lè gbà pé kí ẹ lọ̀ kúnná ju àgbàdo lọ, pẹ̀lú asẹ́ oníhò 3 tàbí 4, kí ẹ sì fi omi wọ́n ọn kó má baà máa fò bí eruku.

Rírẹ, fún ẹni tí kò rí ẹ̀rọ

Ẹ rẹ odindi àgbàdo tàbí ọkà bàbà sómi láti ìrọ̀lẹ́ di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Èèpo rẹ̀ á rọ̀, ẹran á lè rún un. Ẹ fún un tán lọ́jọ́ yẹn. Nínú ooru wa yìí, tó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti ń kan lọ ná.

Àwọn olóko ńláńlá ní Texas àti Kansas kì í rẹ ẹ́. Ooru omi gbígbóná ni wọ́n ń fi sè é fún bí ìdajì wákàtí, kí wọ́n tó fi rólà ńlá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ó máa ń jẹ́ kí ara ẹran lo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sítáàṣì inú rẹ̀, pàápàá ti ọkà bàbà. Ìdáná wọn àti iye ẹran wọn ló bá a mu. Ẹni tó bá ń fi igi se àgbàdo fún màlúù méjì ní Ìkẹnnẹ́, igi yẹn á jẹ èrè rẹ̀.

Àgbàdo àkọ́rọ̀ tí òjò kò jẹ́ kó gbẹ

Tí àgbàdo yín bá gbó ní oṣù Keje tí oòrùn kò sí, ẹ má jẹ́ kó bu sórí ilẹ̀. Nígbà tí omi inú rẹ̀ bá wà ní bí 25 sí 30 nínú 100, tí èékánná ṣì lè wọ hóró díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tú omi funfun jáde mọ́, ẹ gé e, ẹ fọ́ ọ ní tútù. Ẹ dà á sínú dúrọ́ọ̀mù oníke tó ní ìdérí, ẹ máa fi ẹsẹ̀ tàbí ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele títí afẹ́fẹ́ á fi tán níbẹ̀, ẹ fi ọ̀rá nínípọn bò ó, ẹ dé e pa. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó ṣí i. Òórùn rẹ̀ á máa ta bí ohun kíkan tó mọ́, kì í ṣe òórùn ìdíbàjẹ́.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an fún àwọn tó ń bọ́ ẹran ọdún Kérésì. Ohun méjì péré ni kí ẹ ṣọ́. Ó máa ń yára di ásíìdì nínú ṣàkì ju àgbàdo gbígbẹ lọ, torí náà kòríko gbọ́dọ̀ pọ̀ níwájú ẹran. Tí ẹ bá sì ti ṣí i, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa bù ú, torí ojú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí á bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pò ó pọ̀

Àgbàdo nìkan kò tó: agbára ló ń fúnni, púrótéènì inú rẹ̀ kò pọ̀. Fún 100 kílò, ẹ lè pò ó báyìí:

Àgbàdo fífọ́, 40 kílò
Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, 15 kílò
PKC, ìyẹn èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n fún àdí kúrò lára èkùrọ́, 25 kílò
Dúsà tàbí èérí wíìtì, 12 kílò
Kúlíkúlí lílọ̀ tí kò ní ata, 6 kílò
Láìmùsítóònù tí àwọn aládìẹ ń lò, kílò kan àbọ̀
Iyọ̀, àbọ̀ kílò

Púrótéènì inú rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 13 nínú 100. Ẹ má fo láìmùsítóònù. Kálísíọ̀mù kò pọ̀ nínú ọkà, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ kò bá fi kálísíọ̀mù dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, òkúta á máa dì ní ojú ọ̀nà ìtọ̀ akọ màlúù. Ẹ ó rí i tó ń fa ara, tí ìtọ̀ kò jáde.

Èèpo ẹ̀gẹ́ kò wọ́n wa ní Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ gàrí ni a wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tútù la ń fún ẹran, torí májèlé cyanide wà nínú rẹ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a lóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí yóò fi máa dún kọ̀ṣọ̀kọ̀ṣọ̀. Èérí ògì láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ológì náà dára, àti pàǹtí ọkà láti ilé-iṣẹ́ ọtí bíà, àmọ́ omi pọ̀ nínú wọn, kì í pẹ́ bàjẹ́: èyí tí ẹ bá gbà lónìí, ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀la lọ.

Ẹ má fi kóńgò wọn gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ìwọ̀n wọn dọ́gba. Kóńgò dúsà kan kò tẹ̀wọ̀n tó kóńgò àgbàdo. Ẹ gbé kóńgò ohun kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ ọ́ sára ògiri ibi tí ẹ ti ń pò ó, ó tán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fífún ẹran

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ẹran ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn àyíká àyà rẹ̀ lẹ́yìn apá iwájú, kí ẹ tún wọn gígùn rẹ̀ láti éjìká dé egungun ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi iye àyíká náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn, kí ẹ pín in sí 10,840. Akọ tí àyíká àyà rẹ̀ jẹ́ 150, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 120, á tó nǹkan bí 249 kílò.

Irú ẹran bẹ́ẹ̀, kílò kan péré ni kí ẹ fún un lójúmọ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi àbọ̀ kílò kún un. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí yóò fi dé kílò mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin. Ó máa gbà yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó débẹ̀, kò sì sí ọ̀nà àbùjá. Kòríko ni ẹran tó ti ọjà màlúù Kara dé mọ̀; àwọn kòkòrò inú ṣàkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà kí wọ́n tó lè gba ọkà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹran rẹ̀ ń dùbúlẹ̀.

Kòríko ló ń ṣáájú lárọ̀ọ́ọ̀rọ̀, eèsún gígé tàbí pòpòrò àgbàdo, kí ọkà tó tẹ̀ lé e. Oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ tó ẹran kan kó má tó èkejì: ẹ fún ẹran kọ̀ọ̀kan ní àyè bí ẹsẹ̀ bàtà méjì nídìí ọpọ́n, torí akọ tó lágbára jù á jẹ tirẹ̀, á jẹ ti ẹnìkejì, òun ni ikùn rẹ̀ máa kọ́kọ́ wú. Omi ńkọ́? Ó lè mu 30 sí 40 lítà lóòjọ́ nínú ooru. Ẹran tí kò rí omi mu kò ní jẹ ọkà.

Àpò ọkà gbọ́dọ̀ wà nínú ilé tó ní ìlẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́. Tí ẹran bá tú lóru, tó lọ jẹ àpò àgbàdo ní àjẹkì, ẹ má dúró kẹ́ ẹ rí àmì kankan. Ẹ pe dókítà ẹran lóru yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wo ìgbẹ́

Ìgbẹ́ ni yóò sọ bóyá ọ̀gá ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ yín dáadáa. Ẹ bu bí ife kan sínú asẹ́, ẹ da omi sí i títí kòríko á fi ṣàn lọ, ẹ wo ohun tó kù. Tí odindi hóró tàbí ègé ńlá tó funfun nínú bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí fífọ́ tó ń bọ̀ kúnná díẹ̀ sí i. Èyí tó bá kàn jẹ́ èèpo òfìfo kò já mọ́ nǹkan, sítáàṣì inú rẹ̀ ti wọlé sára.

Ìgbẹ́ tó dára máa ń dúró jọ lórí ara wọn, àárín rẹ̀ á jìn díẹ̀. Tó bá ṣàn bí omi, tó ní fóòmù, tí àwọ̀ rẹ̀ di eérú, tó ń rùn kíkan, ìyẹ̀fun ti pọ̀ nínú oúnjẹ yín, tàbí ẹ yára fi kún un. Ẹ dín ọkà kù sí ìdajì lójú ẹsẹ̀, ẹ fi kòríko gbígbẹ kún un, kí ẹ tún padà gòkè díẹ̀díẹ̀. Tí ẹran bá kọ oúnjẹ pátápátá, tí kò jẹ àjẹtúnjẹ mọ́, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí ikùn rẹ̀ wú lápá òsì, ẹ yọ ọkà kúrò níwájú rẹ̀, kí dókítà ẹran wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ da epo pupa sí i lọ́fun nígbà tó dùbúlẹ̀, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ẹran tó dùbúlẹ̀ kì í gbé e mì dáadáa, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà.

Nígbà tí ọjọ́ bá pé

Tó bá ń lọ bó ṣe yẹ, ẹran yín á máa fi láàárín àbọ̀ kílò sí kílò kan kún ara lójúmọ́. Ẹ máa fi téèpù wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ méjì méjì. Nígbà tó bá kù díẹ̀, ìbísí yẹn á máa dín kù, ọ̀rá ló ń gbà nígbà yẹn, ọ̀rá sì ń jẹ ọkà ju ẹran lọ. Ẹ fọwọ́ kan ìdí ìrù rẹ̀ àti ìhà rẹ̀: tí egungun kò bá han mọ́, tó rọ̀ lábẹ́ ìka, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pe oníbàárà. Ẹ má dúró de ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá, nígbà tí gbogbo ayé á ti kó tiwọn wá sọ́jà.

Lóru tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé e, ẹ má fún un ní ọkà mọ́. Kòríko díẹ̀ àti omi tó pọ̀ ti tó.